Kí ìyá tó ta ilẹ̀ torí kí ọmọ lè di lọ́yà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìròyìn aago méje àárọ̀, ìyá kan pè wá lórí ètò. Ó ní aṣọ ni òun ń tà lọ́jà, ọkọ òun ti kú, ọmọbìnrin òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé ìgbaniwọlé gbà láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì aládàáni kan. Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo ló kù sí òun lọ́wọ́, òun sì ti ń gbèrò láti fi kọ́ ilé ọjọ́ alẹ́. Ó wá bi wá pé: "Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìròyìn, ẹ bá mi wò ó. Ṣé kí n ta ilẹ̀ yìí? Ṣé iṣẹ́ lọ́yà ṣì ń bọ́ èèyàn?"

Àsìkò ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ò lè dá ìyá lóhùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n látìgbà náà ni fóònù wa ò ti sinmi. Àwọn kan ní kí ìyá tà á kíá, pé ìwé lilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kankan ò lè gbà lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn mìíràn ní kó má dán an wò, pé lọ́yà tó wà nígboro báyìí ti pọ̀ ju ẹjọ́ lọ. Ìdáhùn méjèèjì rọrùn lẹ́nu, torí ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò: báwo ni ọmọ ṣe ń wọlé, èló ló ń náni, kí ló sì wà níwájú lẹ́yìn tí ariwo ayẹyẹ bá ti lọ sílẹ̀?

Iyì tó ti wà látayébáyé

Kò sẹ́ni tó lè bá Yorùbá jiyàn lórí iyì lọ́yà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, Christopher Sapara Williams, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, London ni wọ́n sì ti fún un láṣẹ lọ́dún 1879. Stella Thomas, ọmọ Yorùbá náà, tẹ̀ lé e lọ́dún 1933, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ní ìyàwó àti ọmọ, ó ti ṣòwò, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, kó tó wọkọ̀ lọ sí London lọ́dún 1944. Lọ́dún 1946 ló di lọ́yà, ó padà sí Ìbàdàn, ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fẹ́ ṣe lọ́yà gbọ́dọ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 1962 ló yí ìyẹn padà. Òfin náà ló gbé Council of Legal Education kalẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ òfin ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni Law School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1963. Lọ́dún 1997 ni wọ́n gbé olú ilé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Bwari, l'Ábújá. Lónìí, ẹ̀ka ti wà ní Victoria Island l'Ékòó, ní Agbani ní ìpínlẹ̀ Enugu, ní Bagauda ní Kánò, ní Yola, ní Yenagoa àti ní Port Harcourt. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló ń pín ọmọ sí ẹ̀ka. Ọmọ tó kàwé jáde n'Íbàdàn lè bá ara rẹ̀ ní Yola. Owó ọkọ̀ nìyẹn náà o.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́: ta ló ń wọlé?

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé JAMB ni gbogbo ẹ̀. Ní ọdún 2025, máàkì 150 nínú 400 ni JAMB fẹnu kò sí pé kí yunifásítì kankan má ṣe gbà kéré sí. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ lé e, tó bá sì di ti ìmọ̀ òfin ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá bíi Yunifásítì Èkó, ti Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀, ọmọ tó gba 150 kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ni.

Lẹ́yìn JAMB, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Literature sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ibi tí Literature yìí ti ń ta ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́pọ́n nìyẹn. Ọmọ á ṣe dáadáa nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, àfi ìgbà tó bá fẹ́ wọlé ni bàbá rẹ̀ á tó mọ̀ pé ọmọ ò yan Literature ní SS1. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún ń béèrè Ìṣirò. Nítorí náà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní girama báyìí tó ń pariwo pé lọ́yà lòun máa ṣe, kí onítọ̀hún lọ wo ìwé rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ilẹ̀kùn kejì wà tí èèyàn kì í rí. Ìfọwọ́sí méjì ni ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní: ti NUC, tó ń rí sí gbogbo yunifásítì, àti ti Council of Legal Education. Bí ti NUC bá wà tí ti Council ò sí, ọmọ lè kàwé ọdún márùn-ún kó gba dìgírì, kó sì má lè dé Law School. Ẹni tí ò bá sì gba Law School kọjá, kò lè wọ wíìgì ní kóòtù kankan ní Nàìjíríà.

Kódà ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìfọwọ́sí méjèèjì, Council ní iye ọmọ tó là sílẹ̀ fún un pé kó má gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn yunifásítì kan ń gbà ju iye yẹn lọ. Wọ́n á gbowó lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n á kọ́ gbogbo wọn. Ìgbà tí wọ́n bá parí tán ni wọ́n á tó sọ fún àwọn kan pé àyè ò sí, kí wọ́n ṣì dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ò ṣẹ̀, òbí ò ṣẹ̀, àwọn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ rántí àwọn tó kàwé òfin ní National Open University, NOUN. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gboyè jáde, Law School ò gbà wọ́n wọlé, torí wọ́n ní ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ni ìwé tí wọ́n kà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sáré sókè sódò, ilé ẹjọ́ lónìí, ilé aṣòfin lọ́la. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu àtúnṣe sí òfin tó dá NOUN sílẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe ẹ̀kọ́ àfikún kí wọ́n tó lè wọ Law School. Àwọn míì ti bímọ, àwọn míì ti hewú.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé yunifásítì, ẹ má kàn bi wọ́n pé "Ṣé ẹ ń kọ́ òfin?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé: Ọmọ mélòó ni Council ní kí ẹ máa gbà? Ọmọ mélòó lẹ gbà lọ́dún yìí? Àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, ṣé gbogbo wọn ti lọ sí Law School? Ẹni tí ò lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, kó má gba owó ilẹ̀ yín.

Èló ni gbogbo rẹ̀?

Ọdún márùn-ún ni ìwé òfin fún ẹni tó gba JAMB wọlé, mẹ́rin fún ẹni tó gba Direct Entry. Lẹ́yìn náà, bí ọdún kan ní Law School. Lẹ́yìn náà, ọdún kan ìsìnrú ìlú. Tí kò bá sí ìdádúró kankan, ọdún méje nìyẹn. Ta ló sì ń rìn ín láìsí ìdádúró? Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, ó parí ní oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìyẹn ló lé ọ̀pọ̀ òbí sá lọ sí yunifásítì aládàáni, a ò sì lè bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n owó àwọn aládàáni, mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á lọ́dún. Ẹ wá sọ ọ́ dọ̀nà márùn-ún. Kò tún sí ìdánilójú pé iye tí wọ́n dá lé yín lọ́dún àkọ́kọ́ ni wọn á máa gbà títí ọdún karùn-ún. Ti ìjọba náà ti gbówó lórí o. Lọ́dún 2023, Yunifásítì Èkó gbé owó tí ọmọ ń san kúrò ní bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún náírà, ó di ohun tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Síbẹ̀, ẹ wo bó ṣe jìnnà sí mílíọ̀nù.

Ká dé Law School. Lọ́dún 2024, owó ibẹ̀ fò láti ₦296,000 sí ₦476,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún 2024 kan náà ni ₦70,000. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn gbọ́dọ̀ kó odindi owó oṣù rẹ̀ jọ fún nǹkan bí oṣù méje, láì ra gààrí, láì wọ dáńfó, kó tó lè san owó Law School ọmọ kan. A ò tíì ka oúnjẹ o, a ò ka kóòtù dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọn ò gbọ́dọ̀ má wọ̀, a ò ka ìwé, a ò ka owó ọkọ̀ lọ sí kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Bó bá sì yege, owó wíìgì àti gáùn tún ń dúró, owó ayẹyẹ náà ń dúró.

Ìrànwọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbà gbọ́: ẹ̀yáwó NELFUND. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin rẹ̀. Kò ní èlé. Yunifásítì ni wọ́n ń san owó ìwé fún ní tààrà, ọmọ tún lè gba ₦20,000 lóṣù láti fi jẹun, kò sì ní máa dá a padà àfi tó bá ti lo ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún. Ọmọ tó wà ní aládàáni ò lè rí i gbà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìyá tó pè wá ti yí padà. Ohun tó ń béèrè ni bóyá kí ọmọ ṣe lọ́yà. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ilé ẹ̀kọ́ wo?

Ìdánwò tí kì í wojú

Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń ṣèdánwò lé lórí ní Law School: ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti dúkìá, ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́, àti ìwà ọmọlúwàbí nídìí iṣẹ́. Òfin kan wà níbẹ̀ tó ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́rù. Èyí tí ọmọ bá ti ṣe kéré jù nínú márààrún ni wọ́n fi ń sọ irú èsì tó mú jáde. Ọmọ lè tayọ nínú mẹ́rin, kí ìkarùn-ún rọra fà á sẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n á kọ sínú ìwé rẹ̀. Bó bá kùnà nínú iṣẹ́ kan, ó lè padà wá tún ẹyọ kan yẹn ṣe. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ọdún tún ti lọ, owó tún ti wọlé ẹlòmíì.

Fún àwọn olùgbọ́ wa tó wà ní London àti Manchester: ọmọ tó gba dìgírì òfin lọ́hùn-ún tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ nílé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìpele tí wọ́n ń pè ní Bar Part I, kó tó bá àwọn tó kàwé nílé pàdé ní Bar Part II. Kí ẹ tètè fi sínú ìṣírò.

Lẹ́yìn wíìgì àti gáùn

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń fún lọ́yà tuntun láṣẹ, gbogbo ilé ló ń dé l'Ábújá. Aṣọ ẹbí, fọ́tò, omijé ayọ̀. Ọjọ́ kejì ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún ìsìnrú ìlú, láti oṣù Kẹta ọdún 2025 ni agùnbánirọ̀ ti ń gba ₦77,000 lóṣù. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé nígbà tí àwọn lọ́yà míì bá bọ́ aṣọ kákí yẹn sílẹ̀, owó tí wọ́n ń bá pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà kéékèèké máa ń kéré sí i. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni ọ̀gá òun kọ́kọ́ ń fún òun lóṣù, òun ló sì ń wọkọ̀ lọ sí kóòtù. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun wọ kóòtù dúdú dúró sí ibùdókọ̀, obìnrin kan kí òun pé "Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o," kó bá òun ra ọsàn. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ nìkan ló wà lápò òun. Ó ní ojú ti òun ju bí ẹbi ṣe ń pa òun lọ.

Ṣé òfin kankan wà tó ní kí ọ̀gá máa san iye báyìí? Lọ́dún 2023, ìjọba gbé ìlànà kan jáde lórí owó iṣẹ́ lọ́yà. Iye tí oníbàárà yóò san fún lọ́yà ni ìlànà náà ń sọ. Kò sọ iye tí lọ́yà ọ̀gá yóò san fún lọ́yà ọmọ iṣẹ́. Òfin àwọn agbẹjọ́rò ti ọdún 1975 náà ò sọ ọ́.

Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé iná ti kú pátápátá. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi yẹn kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀. Ó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, ó ń ṣe ìwé ilẹ̀, ó ń bá àwọn onílé kọ àdéhùn pẹ̀lú ayálégbé. Ó ti gba ọmọ iṣẹ́ kan báyìí. Àwọn míì wà ní báńkì, àwọn míì wà ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, àwọn míì ń bá iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kódà àwọn kan wà pẹ̀lú wa nídìí rédíò. Ìmọ̀ òfin kì í ṣòfò. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó so. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ọdún 1999 sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ kó tó lè di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Ọdún mẹ́wàá náà ni wọ́n ń béèrè kí ẹnìkan tó lè di SAN. Ẹni tó gbin ìròkò kì í gbé apẹ̀rẹ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀ lọ́dún kejì.

Asẹ́ tó wà nídìí ọ̀nà

Ohun tí mo rí nínú gbogbo èyí nìyí. Ó yẹ kí asẹ́ wà láti fi yan ẹni tó máa ṣe lọ́yà, ẹnikẹ́ni ò jiyàn rẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn, ilẹ̀ èèyàn, òmìnira èèyàn ló wà lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe lè sọ aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n. Àmọ́ ibi tí a gbé asẹ́ náà sí ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Dípò kí a gbé e sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ìdí ọ̀nà la gbé e sí. Ìgbà tí òbí bá ti san owó ọdún márùn-ún tán ni wọ́n á tó sọ pé ilé ẹ̀kọ́ yìí gbọmọ jù. Ìgbà tó bá ti san ti Law School ni ìdánwò á tó fi hàn pé ọmọ ò múra tó. Ìgbà tó bá ti di lọ́yà tán ni á tó mọ̀ pé owó oṣù ò tó ra bàtà. Gbogbo ẹni tó ń gbowó lójú ọ̀nà ti gbowó lọ, òbí nìkan ni àdánù bá nílé.

Bí Council bá lè máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún, ní gbangba, iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti gbà, iye tó gbà, àti iye nínú ọmọ rẹ̀ tó yege ní Law School, ìyẹn nìkan á tún nǹkan ṣe ju fífi owó kún owó lọ. Òbí á mọ ibi tó ń kó owó lọ. Yunifásítì tó ń gbà jù á mójú tó ara rẹ̀, torí ojú á tì í. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, náà ò yẹ kó máa fi ọ̀rọ̀ owó oṣù lọ́yà kéékèèké ṣe ọ̀rọ̀ àsọtúnsọ ní gbogbo ìpàdé ọdọọdún. Àwọn tó ń gba ẹjọ́ ẹlòmíì rò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ti ọmọ iṣẹ́ yín rò pẹ̀lú.

Ìdáhùn wa fún ìyá

Ìyá wa, ilẹ̀ yín ni, ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu. Ṣùgbọ́n ẹ bi wá léèrè, a ò ní fi yín sílẹ̀ lófo.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tíì tà á. Màá kọ́kọ́ mú bébà, màá kọ owó ọdún márùn-ún ti yunifásítì yẹn sílẹ̀, màá fi owó Law School kún un, màá fi oúnjẹ ọdún kan tàbí méjì kún un fún ìgbà tí ọmọ máa ṣì máa wá ẹsẹ̀ fi rìn. Lẹ́yìn náà ni màá wo iye tí ilẹ̀ yẹn lè pa. Bí owó ilẹ̀ bá máa tán lọ́dún kejì, ẹ má tà á. Kò sí iṣẹ́ tó ń jẹ́ ìdajì lọ́yà. Ọmọ tó dúró lágbedeméjì ò ní ìwé, ìyá rẹ̀ ò sì ní ilẹ̀.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, tó sì mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó tún JAMB ṣe, kó lé yunifásítì ìjọba, kí ẹ gba ẹ̀yáwó tí kò léèlé yẹn. Ọdún kan tó bá fi dúró kò tó pulọ́ọ̀tì kan. Ilẹ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Law School, ìgbà yẹn gan-an lè wá jẹ́ ìgbà tó tọ́ láti tà á, torí ẹ ó ti rí òpin ọ̀nà látọ̀ọ́kán.

Ẹ kú orí ire, ẹ kú àmójútó ọmọ. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìròyìn aago méje, a máa tún ṣí fóònù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lọ́yà tuntun, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì, a fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Ìyá wa, ẹ̀yin náà, ẹ tún pè wá. A fẹ́ mọ ibi tí ẹ bá a dé.